Lọ́ọ̀gì

Ẹ̀yin ọmọ Ìlàjẹ tí ẹ jókòó ti omi, láti Ìgbókòdá dé Ayétòrò, ẹ gbọ́ ìtàn ọ̀rọ̀ “lọ́ọ̀gì”: àgékù igi ni “log” ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí àwọn atukọ̀ wọn àtijọ́ so mọ́ okùn olókókó, tí wọ́n ń sọ sókun, tí wọ́n sì ń ka iye kókó tó bá yọ́ kọjá lọ́wọ́ láti mọ eré ọkọ̀, kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú ìwé; bẹ́ẹ̀ ni orúkọ igi ṣe di orúkọ ìwé, kó tó wọ inú kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí orúkọ fáìlì tí ètò ń kọ ohun tó ṣe sí.

Odò kì í ṣàn kó gbàgbé orísun rẹ̀, ṣùgbọ́n ètò aṣiṣẹ́-fúnra-rẹ̀ a máa gbàgbé fódà tó ti wá: bí Task Scheduler, tí ń jí ètò ní àkókò tí a dá fún un nínú Windows, bá jí i, fódà System32 ni ó sábà ń dúró sí, níbi tí wọ́n lè má gbà á láyè láti kọ nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ kọ ọ̀nà fáìlì lọ́ọ̀gì yín ní kíkún, láti C:\ títí dé orúkọ rẹ̀.