Ẹlẹ́sẹ̀-Ẹja: Abàmì Ẹ̀dá Inú Iṣẹ́ Ọnà Wa àti Ti Ilẹ̀ Yúróòpù

Ní ọjọ́ kan ní Akọ́ka, mo fi àwòrán iṣẹ́ ọnà kan han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Eyín erin ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ọba kan ni ó sì wà lára rẹ̀. Láti orí dé ìbàdí, ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n níbi tí ó yẹ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé wà, ẹja méjì ni ó ká sókè lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Mámíwọtà nìyẹn." Òmíràn ní òrìṣà ni, pé ojú òun kò gbọdọ̀ rí i. Ẹnì kẹta béèrè bóyá àwọn Òyìnbó atukọ̀ ni wọ́n kọ́ wa. Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ó mú mi gbé kálàmù, nítorí kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ka iṣẹ́ náà sí èrò ìjìnlẹ̀ tí àwọn baba ńlá wa fi ọgbọ́n gbé kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ibi tí irú ère bẹ́ẹ̀ gbé wọ́pọ̀. Ó wà lára iṣẹ́ idẹ àti iṣẹ́ eyín erin Bìní. Ó wà lára àwọn iṣẹ́ eyín erin tí àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé ọwọ́ àwọn ará Ọ̀wọ̀ ni ó ti jáde. Ó wà lára ọpọ́n Ifá. Ó sì wà lára ìlù ńlá àwọn Òṣùgbó ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ohun ọlá ni eyín erin nígbà náà. Ní Bìní, Igbesanmwan ni orúkọ ẹgbẹ́ àwọn tí ń gbẹ́ eyín erin fún Ọba, bí ọdẹ bá sì pa erin, ọ̀kan nínú eyín méjèèjì di ti Ọba. Àwa náà ní òwe pé àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, kí á wí pé a rí erin. Nítorí náà, ohun tí a bá gbẹ́ sára eyín erin kì í ṣe ohun eréṣeré.

Àwọn ará Bìní ní ìtàn kan tí wọ́n fi ń tú àdììtú ère yìí. Wọ́n ní ní nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ó lé àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, Ọba Ohen wà lórí ìtẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ. Nítorí pé ọba tí ara rẹ̀ kò pé kò yẹ lórí ìtẹ́, gbígbé ni wọ́n máa ń gbé e wọ inú ìgbìmọ̀ kí àwọn ìjòyè tó dé, wọn a sì gbé e jáde lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ tán. Ìyáṣẹ̀, olórí àwọn ìjòyè, fi ara pamọ́ láti wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Ọba rí i, ó sì ní kí wọ́n pa á. Lẹ́yìn náà ni a wá ń wí pé ẹsẹ̀ Ọba di ẹja, nítorí pé Olókun ni ó wọ̀ ọ́ lára. Ohun tí ó jẹ́ àbùkù di àmì agbára. Ṣùgbọ́n kí á má gbàgbé pé ẹ̀jẹ̀ ìjòyè kan wà nínú ìtàn náà. Ère ẹlẹ́sẹ̀-ẹja ń yin ọba, ó sì ń rán wa létí ohun tí àṣírí ìtẹ́ lè ná ìlú.

Kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ ẹja àrọ̀ ni wọ́n yàn? Ẹni tí ó bá ti ra àrọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Makoko rí yóò mọ̀ pé kì í tètè kú. Ó ń mí afẹ́fẹ́ gẹ́gẹ́ bí àwa. Ó lè fi àyà wọ́ lórí ilẹ̀ tútù láti inú adágún kan bọ́ sí òmíràn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a wọ inú ẹrẹ̀ lọ, a sì dúró de òjò. Òjìjí tí ó fara jọ ọ́ a sì máa gbọn ọwọ́ apẹja jìgìjìgì. Ẹ̀dá tí ó ní ilé nínú omi àti lórí ilẹ̀ ni, nítorí náà ni ó fi yẹ ọba, ẹni tí ó dúró láàárín àwọn alààyè àti àwọn tí a kò fojú rí. Lára pátákó idẹ kan láti Bìní, ọba ẹlẹ́sẹ̀-ẹja di ẹkùn méjì mú ní ìrù: ó jọba nínú omi, ó jọba nínú igbó. Bí àwọn Òṣùgbó sì ti gbẹ́ ẹ sára ìlù wọn, ó fi hàn pé kì í ṣe ti ọba nìkan. Ti awo tí ń ṣọ́ ọba náà ni.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wo ilẹ̀ Yúróòpù. Ní ọdún 1886, akéwì Jean Moréas ṣe ìkéde kan nínú ìwé ìròyìn Le Figaro ní Paris, ó sì fún ẹgbẹ́ tuntun kan ní orúkọ: Symbolism. Ó ti sú àwọn ènìyàn wọ̀nyí láti máa ya kìkì ohun tí ojú rí ní ayé tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti gbòde. Wọ́n padà sínú ìtàn àtayébáyé láti wá àmì fún ohun tí ó wà lọ́kàn. Abàmì ẹ̀dá tí wọ́n fẹ́ràn jù ni sphinx, tí ó ní orí obìnrin àti ara ẹranko. Gustave Moreau yà á ní ọdún 1864; Fernand Khnopff ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù yà á ní ọdún 1896, ó fi orí obìnrin sára àmọ̀tẹ́kùn. Ní ọdún 1897, agbẹ́gilére Charles Van der Stappen ṣe ère kan tí ó pè ní sphinx ìjìnlẹ̀: obìnrin kan láti orí dé àyà, ó dé àṣíborí, ó sì gbé ìka sókè sí ètè bí ẹni pé kí á má sọ̀rọ̀. Fàdákà tí a fi wúrà bò ni wọ́n fi ṣe aṣọ ogun rẹ̀. Eyín erin ni ojú àti ọwọ́ rẹ̀.

Níbo ni eyín erin náà ti wá? Láti Kóńgò ni, tí Ọba Leopold Kejì gbà bí ohun ìní ara rẹ̀. Wọ́n pín eyín erin fún àwọn agbẹ́gilére Bẹ́ljíọ̀mù kí iṣẹ́ wọn lè ṣe ìpolówó fún ìjọba náà níbi àfihàn ńlá ọdún 1897 ní Tervuren. Níbẹ̀ náà ni wọ́n kó ọmọ Kóńgò 267 wá fún ìwòran. Méje nínú wọn kú sí ibẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún yẹn kan náà ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Bìní, wọ́n kó iṣẹ́ idẹ àti eyín erin ààfin lọ, wọ́n sì lé Ọba Ovonramwen lọ sí Kàlàbá, níbi tí ó kú sí ní ọdún 1914. Nínú ọdún kan ṣoṣo, ère sphinx gba ìyìn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n, wọ́n sì kó ẹlẹ́sẹ̀-ẹja lọ gẹ́gẹ́ bí ìkógun àwọn tí wọ́n pè ní kèfèrí. Erin ilẹ̀ Áfíríkà ni ó sì fi eyín lélẹ̀ fún méjèèjì.

Àwọn méjèèjì jọra, wọ́n sì yàtọ̀. Ìka tí sphinx gbé sí ètè, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ̀rọ̀ awo kò ní ṣàì mọ ohun tí ó ń wí. Ṣùgbọ́n abàmì ti àwọn ará Yúróòpù dúró lẹ́yìn odi ìlú, obìnrin tí ọkùnrin ń bẹ̀rù ni. Ìbẹ̀rù ọkàn ẹnì kan ni ó bí i. Abàmì tiwa jókòó láàárín ìlú gan-an, ó kọjú sí wa, orí ìtẹ́ ni ó wà. Ohun tí gbogbo ìlú fi ohùn kan mọ̀ ni.

Ní ti ẹni tí ó béèrè nípa Òyìnbó, èmi kò ní sẹ́ pé ẹ̀dá onírù ẹja méjì wà lára àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní Ítálì àti Faransé. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan tilẹ̀ rò pé ọ̀dọ̀ wọn ni tiwa ti wá. Ṣùgbọ́n pé ojú jọra kò fi hàn pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwòrán rìn wá, ìtumọ̀ kò bá a rìn. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì kan níbẹ̀ tí ó fi í ṣe ọba. Mámíwọtà sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀: àwòrán obìnrin tí ó ń fi ejò ṣeré, tí wọ́n tẹ̀ ní Hamburg ní àwọn ọdún 1880, ni ó fún un ní ojú tí a mọ̀ ọ́n sí lónìí.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé nǹkan ilé àkójọ ìlú òkèèrè nìkan ni èyí. Nígbà FESTAC ní ọdún 1977, ère ojú ìyá ọba Bìní, Idia, ni àmì àjọ̀dún náà. Wọ́n bẹ ilé àkójọ ìṣẹ̀ǹbáyé ti London pé kí wọ́n yá wa, wọ́n kọ̀. Àwòkọ rẹ̀ ni a lò. Ìkejì ère náà wà ní New York, adé rẹ̀ sì ní ẹja àrọ̀ tí ó ń tẹ̀ lé orí àwọn ará Pọtogí lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹni tí ó bá gba Surulere lọ sí Ìgànmú ni ó ń rí gbọ̀ngàn eré tí a kọ́ fún àjọ̀dún yẹn. Ní Mushin ni Bruce Onobrakpeya dá ilé iṣẹ́ ọnà rẹ̀ sílẹ̀ sí, ẹni tí ó ya àwòrán àwọn iwin Fágúnwà sínú ìtumọ̀ tí Ṣóyínká ṣe ní ọdún 1968. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, orílẹ̀-èdè Netherlands dá iṣẹ́ Bìní 119 padà fún wa.

Ohun tí a kó lọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni mo ń bá wí: bí àwọn ọmọ wa kò bá mọ̀ ju "Mámíwọtà nìyẹn" lọ, ta ni yóò gba ẹrù náà lọ́wọ́ àlejò? Mo tún fi àwòrán náà han kíláàsì mi lẹ́yìn tí mo sọ ìtàn Ohen fún wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní ojú òun kò gbọdọ̀ rí i ni ó kọ́kọ́ sún mọ́ ọn, ó sì béèrè pé, "Ìyáṣẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹnikẹ́ni gbẹ́ ère tirẹ̀?"

Ìbéèrè òpìtàn nìyẹn.