Náírà Ló Kọ́ Bàbá Wa Ní Súpánà

Ta ló sọ pé torí ahun ni àwọn bàbá wa fi ń tún ògbólógbòó mọ́tò ṣe fúnra wọn? Ẹ jẹ́ ká yẹ ìtàn wò.

Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Gbági. Ní 1906, mọ́tò ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ná Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Òkè òkun ni mọ́tò àti ẹ̀yà ara rẹ̀ ti ń wá. Ní 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná, wọ́n ń to Volkswagen l'Ékòó. Síbẹ̀, òkè òkun la ṣì gbójú lé fún ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara wọn.

Nígbà tí SAP dé ní 1986, náírà já wálẹ̀. Mọ́tò tuntun di àwòmọ́jú, tòkunbọ̀ gba títì. Ẹni tó ní Ìjàpá ń fọ kabúrétọ̀ àti púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì Ìjàpá lára. Kò ní rédíétọ̀ tí yóò jò.

Náírà tún já ní 2023. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló ń darí ẹ́ńjìnnì mọ́tò ìsinsìnyí. Súpánà nìkan ò tó mọ́. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn: ká kọ́ ti bàbá, ká fi ti kọ̀ǹpútà kún un.