Bùbù 36, Oríṣi 12: Ọjọ́ Kan ní Ṣọ́ọ̀bù Aláàdìrẹ

Ìtòkú l'Abẹ́òkúta ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, àmọ́ ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀ kò débẹ̀ rí. Orí íntánẹ́ẹ̀tì àti WhatsApp ni wọ́n ti ń rajà. Bùbù àdìrẹ kan ló ń yá jù níbẹ̀: àwọ̀ 3 ló ní, ìyẹn aró, ewé àti obì, sáìsì 4 ló ní, láti S dé XL. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù a máa sọ pé bùbù kan lòun ń tà, bẹ́ẹ̀ oríṣi 12 ló ń tà. Bí ọjọ́ Jímọ̀ ìparí oṣù kan ṣe lọ níbẹ̀ rèé, láti àárọ̀ dalẹ́.

Aago 6:45 àárọ̀. Oníbàárà kankan kò tíì dé. Ìyá àti ọmọbìnrin tó ń bá a bójú tó ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì tú gbogbo bùbù kalẹ̀. Káàdì pélébé kan wà lọ́rùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, òwú ni wọ́n fi so ó: lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ àwọ̀, èyí tó tẹ̀lé e ń sọ sáìsì. A-XL ni aró tó tóbi jù. Ìyá ń pè, ọmọ ń kọ. Aró: S 5, M 4, L 3, XL 1. Ewé: S 4, M 3, L 2, XL kò sí. Obì: S 6, M 4, L 3, XL 1. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 36.

36 náà ni ìkànnì wọn ń sọ, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan sanwó XL aláwọ̀ ewé. Ìkànnì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, torí bùbù ṣì kù lójú tirẹ̀. Wọ́n dá owó olówó padà, wọ́n tún gba èébú lé e.

Aago 8:20. WooCommerce ni ètò ìtajà tí wọ́n ń lò lórí ìkànnì. Ọ̀nà méjì ni ètò yìí lè gbà ka irú ọjà bẹ́ẹ̀: ó lè ka gbogbo oríṣi pọ̀, ó sì lè jẹ́ kí oríṣi kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Ẹni tó bá wọn ṣe ìkànnì fi iye kan ṣoṣo sórí bùbù lápapọ̀, kò fi nǹkan kan sórí àwọn oríṣi. Gbogbo wọn wá ń bu nínú ìkòkò kan náà. Ọmọbìnrin náà yọ iye àpapọ̀ kúrò, ó ṣí oríṣi 12 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ ohun tó wà nínú ìwé sí i. Bó ṣe kọ 0 sí XL aláwọ̀ ewé báyìí, àkọlé pé ọjà ti tán yọ sórí ẹ̀.

Aago 10:10. Ẹnì kan láti Ìbàdàn yan A-XL, ẹyọ kan ṣoṣo tó kù. Ó dé ibi ìsanwó, ó dúró. Ètò náà bá a di bùbù yẹn mú fún ìṣẹ́jú 60. Iye tó bá ètò wá nìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ lè yí i padà. Kò pẹ́ sí i, ìyá kan yà sí ṣọ́ọ̀bù, A-XL yìí kan náà ló nawọ́ sí.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹnì kan ti mú un lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò tíì sanwó ni. Tí aago mọ́kànlá bá fi kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí kò san án, tiyín ni."

"Owó mi rèé lọ́wọ́, ẹni tí ẹ ò rí lẹ ń sọ!"

Ó fajú ro, ó lọ ra nǹkan mìíràn lọ́jà, ó padà wá. Ará Ìbàdàn kò san. Nígbà tí 11:10 kọjá, ètò fagi lé ọ́dà rẹ̀, ó sì tú bùbù náà sílẹ̀. Ìyá náà sanwó. Kí ọmọbìnrin náà tó ki bùbù bọ ọ̀rá, ó kọ́kọ́ sọ 1 di 0 lórí fóònù.

Aago 1 ọ̀sán. Owó oṣù ti wọlé, WhatsApp gbóná. "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé L aláwọ̀ obì wà?" Ẹni méjì béèrè é léra wọn. Òfin ọjọ́ náà ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dáhùn pé ó wà láìjẹ́ pé ó ti kọ ọ́dà náà sórí ìkànnì, kó sì fi í sí ipò ẹni tí à ń retí owó rẹ̀. Ipò yìí ń yọ ọjà kúrò nínú iye kí àláàtì tó dún. Àwọn méjèèjì san, L obì di 1, ímeèlì sì kì wọ́n nílọ̀ pé ó ti fẹ́ tán.

Aago 3:30. Ọlọ́kadà tó ń bá wọn gbẹ́rù dá E-M kan padà. Ó há ẹni tó rà á léjìká, L ló fẹ́. Wọ́n fi L ránṣẹ́, ewé L sì di 1. Wọ́n gbé èyí tó padà wá síta wò lójú oòrùn: atíkè ti kùn ún lọ́rùn. Ìkànnì ní ibi tí wọ́n ti lè fi àmì sí i pé kí ọjà padà sínú iye. Wọ́n rí i dájú pé kò sí àmì níbẹ̀. Títí wọ́n á fi fọ̀ ọ́ kó mọ́, kì í ṣe ọjà.

Aago 5:40 ìrọ̀lẹ́. Télọ̀ pè. "Ṣé kí n gé 3-3 bíi ti tẹ́lẹ̀, mà?"

Ìyá ṣí ìwé àárọ̀. S 15 ló wà lórí àtẹ, kò sí èyí tó lọ nínú wọn látàárọ̀. XL kò ju ẹyọ kan lọ mọ́. "Má fọwọ́ kan S rárá. XL ni kó o gé, kó o fi L díẹ̀ kún un." XL ń jẹ aṣọ ju S lọ, àmọ́ owó tó há sínú S 15 yẹn ni ìbá ti ra aṣọ náà.

Aago 7:45 alẹ́. M 2 tún ti lọ. Wọ́n ka ọjà lẹ́ẹ̀kan sí i: 31 ló wà nílẹ̀, ìkànnì sọ pé 30. Ẹyọ kan tó lé ni èyí tó ní atíkè lọ́rùn, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta bàtà, ẹ̀wù tàbí wíìgì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ wo ìkànnì yín lónìí. Bí iye kan ṣoṣo bá wà lórí ọjà tó ní sáìsì àti àwọ̀, ẹ pín in kí ìparí oṣù tó ń bọ̀ tó dé. Oníbàárà kì í ra àpapọ̀; sáìsì tirẹ̀ ló ń wá.