Ọ̀bẹ Irin Àlòkù Níwájú Ògún

Sípíríǹgì ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n fi rọ ọ̀bẹ tí mo jogún ní ojúbọ Ògún wa; awọ bàtà àtijọ́ ni wọ́n fi rán àkọ̀ rẹ̀. Àbúrò mi ní kí n gbé e kúrò, pé irin pàǹtí kò yẹ Òrìṣà. Ìtàn ni mo fi dá a lóhùn.

Láyé àtijọ́, àwọn baba wa ń wa òkúta irin, wọ́n ń yọ́ ọ nínú iléru. Ní 1904, C. V. Bellamy tẹ àpèjúwe irú iléru bẹ́ẹ̀ nítòsí Ọ̀yọ́ jáde. Ṣùgbọ́n irin òyìnbó pọ̀ lọ́jà, kò sì wọ́n. Díẹ̀díẹ̀ ni iléru kú. Àgbẹ̀dẹ kò kú. Irin àlòkù ni alágbẹ̀dẹ ń kó sínú iná èédú. Ẹwìrì ń fẹ́ ẹ, owú ń lù ú, títí yóò fi di ọ̀bẹ.

Awakọ̀ ń bọ Ògún, alágbẹ̀dẹ ń bọ ọ́. Ọkọ̀ tó bàjẹ́ tó di ọ̀bẹ kò kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Àwọn àgbà ní, idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ẹni tó bá kọ irin àlòkù, iṣẹ́ ọwọ́ baba rẹ̀ ló ń wó. Ọ̀bẹ náà ṣì wà ní ojúbọ.