Iná Tó Sọ Seiko Lórúkọ

"Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ." Ibi ilé ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń túmọ̀ òwe yìí máa ń dúró sí: iṣẹ́ ìdílé, òrìṣà tí wọ́n ń bọ, ìyà tàbí ayọ̀ tó bá wọn lálejò. Ṣùgbọ́n "wò" ni òpó tó gbé òwe náà ró. Bí ojú ẹni tó ń sọmọ lórúkọ bá yà síta, ohun tó rí níta ni yóò gbé wọlé. Ọdún tí gbogbo ìlú jọ ń ṣe ni wọ́n wò tí wọ́n fi sọ Abíọ́dún. Ti Abíọ́nà tilẹ̀ jìnnà sílé pátápátá.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 1964, wọ́n bí ọmọbìnrin kan sílé àgbẹ̀ ní Hayakita, ní erékùṣù Hokkaido, níhà àríwá ilẹ̀ Japan. Ní ọjọ́ 10 oṣù náà, wọ́n tan iná Òlíḿpíìkì ní Tokyo. Bí a bá kà á bí Yorùbá ṣe ń ka ọjọ́, ọmọ náà pé ọjọ́ mẹ́fà. Ká ní ọ̀dọ̀ wa ni, ìkómọ ṣì ku ọ̀túnla. Iná náà wọ bàbá rẹ̀ lọ́kàn. "Seika" ni wọ́n ń pe iná mímọ́ yẹn lédè wọn. Ó bu "sei" níbẹ̀, ó fi "ko", èyí tó jẹ́ ọmọ, tì í lẹ́yìn. Ọmọ náà di Seiko Hashimoto.

Orúkọ kì í báni sáré. Seiko kò tíì kúrò nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí àrùn kíndìnrín fi dá a dùbúlẹ̀ nílé ìwòsàn. Síbẹ̀, ọmọ ọdún 19 ni nígbà tó sáré lórí yìnyín ní Òlíḿpíìkì Sarajevo ní 1984. Ní Calgary ní 1988, gbogbo eré márààrún tó wà fún obìnrin ló sá, láti mítà 500 títí dé 5,000. Albertville ni èrè ti dé ní 1992: ó ṣe ipò kẹta nínú eré mítà 1,500, lẹ́yìn àwọn ará Jámánì méjì, Jacqueline Börner àti Gunda Niemann. Kò sí obìnrin Japan tó gba àmì ẹ̀yẹ ní Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù rí ṣáájú rẹ̀.

Ìyẹn nìkan kò tó o. Ẹni tó ń sáré lórí yìnyín á tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń ro oko, itan rẹ̀ á sì máa ṣe iṣẹ́ gbogbo. Itan náà ni kẹ̀kẹ́ eré ìje ń fẹ́. Nítorí náà ló ṣe gun kẹ̀kẹ́ ní Seoul, Barcelona àti Atlanta, tí Òlíḿpíìkì rẹ̀ fi pé méje. Nígbà tó ń lọ Atlanta ní 1996, ó ti wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà láti ọdún tó ṣáájú. (Ẹ fojú inú wo sẹ́nétọ̀ tiwa kan lórí kẹ̀kẹ́ eré ìje.)

Ní 2006 ó di ààrẹ àjọ eré orí yìnyín ilẹ̀ Japan. Ní 2019, mínísítà fún Òlíḿpíìkì. Yoshiro Mori, olórí ìjọba tẹ́lẹ̀, ló ń darí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò Tokyo 2020, kó tó sọ pé ìpàdé tí obìnrin bá pọ̀ sí kì í tètè parí. Ariwo ta, Mori fipò sílẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 2021, Seiko gorí àga náà. Kò pẹ́ tó fi mú obìnrin 12 wọ ìgbìmọ̀ aláṣẹ, tí obìnrin fi di ìdá 42 nínú 100.

Ní ọjọ́ 23 oṣù keje, Naomi Osaka tanná sí pápá tó gba 68,000 ènìyàn, àga ṣófo lọ rẹrẹ nítorí COVID-19. Iná tó sọ Seiko lórúkọ tún dé Tokyo lẹ́yìn ọdún 57, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń ṣe baálé rẹ̀.

Àbààwọ́n kò ṣàì bá ètò náà: ní 2022, wọ́n mú ọ̀kan lára àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ aláṣẹ náà tẹ́lẹ̀ lórí ẹ̀sùn rìbá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, àjọ Òlíḿpíìkì ilẹ̀ Japan yan Seiko ní ààrẹ. Obìnrin kò jẹ ẹ́ rí.