Àwọn Tó Di Abẹ́rẹ́ Mú

Lọ́dún 2011, FAO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ lágbàáyé, kéde pé àrùn màlúù tí wọ́n ń pè ní rinderpest ti kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá. Yàtọ̀ sí ṣànpọ̀nná, kò tíì sí àrùn mìíràn tí ọmọ aráyé ṣẹ́gun bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí à ń gbọ́ jù nínú ìtàn náà ni ti Walter Plowright, dókítà ẹran ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ní Kenya. Ìyìn náà tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Plowright kọ́ ló ń wọ inú agbo lọ.

Ọdún 1924 ni ìjọba amúnisìn dá ilé ìwádìí sílẹ̀ ní Vom, nítòsí Jos, nítorí àrùn yìí. Yunifásítì tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ dókítà ẹran kò tíì sí ní Nàìjíríà. Ó di àwọn ọdún 1960 kí Ìbàdàn àti Zaria tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn dókítà òyìnbó kò pọ̀, ilẹ̀ sì gbòòrò. Èjìká àwọn olùrànlọ́wọ́ ni iṣẹ́ náà já lé. Iṣẹ́ ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Wọ́n á fa kòkòrò àrùn náà gan-an sí màlúù lára, wọ́n á sì fa omi ẹ̀jẹ̀ màlúù tó ti là á já sí i lára lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìwọ̀n bá yẹ̀, ẹni tó wá gba màlúù là ló pa á.

Abẹ́rẹ́ Plowright dára ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Inú yìnyín ló gbọ́dọ̀ máa wà. Tí wọ́n bá ti pò ó tán, ìwọ̀nba wákàtí ló kù fún un. Oògùn tó ti kú kò sì yàtọ̀ lójú sí èyí tó yè. Olùrànlọ́wọ́ nìkan ló lè sọ pé ká da èyí nù, nígbà tí ọgọ́rùn-ún màlúù tò síwájú rẹ̀. Òun náà ló tún gbọ́dọ̀ fọ̀rọ̀ tu darandaran nínú, ẹni tó ń bẹ̀rù owó orí màlúù, ìyẹn jàǹgálì, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka agbo òun.

Láti ọdún 1962, Nàìjíríà, Niger, Chad àti Cameroon bẹ̀rẹ̀ ètò JP15 láyìíká adágún Chad, ó sì tàn kálẹ̀. Àrùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlẹ̀. Nígbà tí ètò parí, owó tán, ọkọ̀ dúró. Nígbà tó di 1983, ó padà wọ Nàìjíríà, ó sì pa màlúù lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Lójú tèmi, kì í ṣe owó nìkan ló tán. A lo àwọn tó mọ iṣẹ́ náà bí alágbàṣe; a kò fún wọn ní àkàbà tí wọ́n lè gùn.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1961 ni ìwé ẹ̀rí bẹ̀rẹ̀ fún irú wọn. Òfin kò tilẹ̀ gbà kí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì títí di 1984, torí pé orúkọ àwọn tó ń tọ́jú ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n ìdánwò wà, ìforúkọsílẹ̀ sì dé lẹ́yìn náà.

Ní báyìí, PPR, àrùn tó ń pa ewúrẹ́ àti àgùntàn, ni FAO fẹ́ parẹ́ kí ó tó di 2030. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà. Ta ni yóò dì í mú, ìdánwò wo ló sì ń dúró de onítọ̀hún lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́?