Bí Ìtakora Ṣe Di Ohun Tí À Ń Wọ̀n

Ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Jésù ni Aristotle, amòye ilẹ̀ Gíríìsì, fi òfin lélẹ̀ pé ohun kan kò lè rí bẹ́ẹ̀ kó má sì rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan náà. Nígbà tó di ọ̀rúndún kejìlá, àwọn olùkọ́ ìlú Paris fi èyí tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ kún un: ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ kan, tó tún gba òdì rẹ̀, kò sí ohun tí kò ní gbà mọ́. Bí ìtakora ẹyọ kan àti ẹgbẹ̀rún ìtakora ṣe di ọgbọọgba nìyẹn.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ọdún 1902, Bertrand Russell kọ lẹ́tà sí Gottlob Frege ní Jámánì. Apá kejì ìwé Frege lórí ìpìlẹ̀ ìṣirò ti wà lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Ìtakora kan ṣoṣo tí Russell fà jáde láti inú òfin tí Frege gbé ìwé náà kà sì tó láti mi gbogbo iṣẹ́ náà.

Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn wá bí wọn yóò ṣe gba ìtakora mọ́ra. Stanisław Jaśkowski ní Poland lọ́dún 1948, àti Newton da Costa ní Brazil lọ́dún 1963, gbé lọ́jíìkì tí ìtakora kò lè dojú rẹ̀ dé kalẹ̀. Ní 1977, Nuel Belnap ro ti kọ̀ǹpútà tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní ipò mẹ́rin: òótọ́, irọ́, méjèèjì pọ̀, tàbí kò sí èyíkéyìí.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ yí padà. John Grant kò béèrè bóyá ìtakora wà. Ó béèrè bó ṣe pọ̀ tó. Ìbéèrè yìí jókòó jẹ́ẹ́ títí àwọn àkójọ ìmọ̀ inú kọ̀ǹpútà fi gbòòrò kọjá ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè tún ṣe.

Ní 2002, Kevin Knight wọn ìtakora pẹ̀lú ìgbàgbọ́: báwo ni ìgbàgbọ́ tí a lè fún gbogbo gbólóhùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ṣe lè ga tó? Bí ìwé kan bá ní ẹ̀jẹ̀ aláìsàn jẹ́ irú A, tí òmíràn ní kì í ṣe irú A, ìgbàgbọ́ náà kò lè kọjá ìdajì. Ṣùgbọ́n ká mú lọ́tìrì onítíkẹ́ẹ̀tì 1000: ẹnìkan ní tíkẹ́ẹ̀tì kìíní kò ní jẹ, ó sọ bẹ́ẹ̀ lórí ìkọ̀ọ̀kan dé orí ìkẹyìn, ó sì tún ní ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ. Gbólóhùn 1001 ló ń takora níbẹ̀, síbẹ̀ ìgbàgbọ́ lè dé 1000 nínú 1001. Ìtakora fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, tí yíyọ gbólóhùn kan ṣoṣo lè parí.

Anthony Hunter àti Sébastien Konieczny gbé e síwájú láti 2006. Wọ́n mú ọ̀nà tí Lloyd Shapley fi ń pín èrè láàárín àwọn alájọṣe ní 1953, wọ́n sì fi pín ẹ̀bi: gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ru ìwọ̀n ìtakora tó dá sílẹ̀. Ẹni tó ń tún àkójọ ìmọ̀ ṣe wá mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.

Òǹkà ni ìṣòro tó kù. Gbólóhùn 20 péré ní àkópọ̀ tó ju mílíọ̀nù kan lọ nínú, tí ìtakora lè fara pamọ́ sí. Ìwọ̀n pàápàá ti di púpọ̀, ohun tí ọ̀kan sì pè ní èyí tó burú jù, òmíràn lè máà pè é bẹ́ẹ̀. Ní 2018, Grant àti Maria Vanina Martinez kó iṣẹ́ àwọn onímọ̀ lórí wíwọn ìtakora jọ sínú ìwé kan, ogójì ọdún lẹ́yìn tí Grant béèrè ìbéèrè náà.